Ohun Tí Róbótó Rò Pé À Ń Rò

Róbótó ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tí mo fi mọ̀ ọ́n, kò sí ibì kankan lára rẹ̀ tó rí róbótó mọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti fún un lórúkọ yẹn, nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, tí ikùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Àlejò tó bá gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù wa, tó wá rí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ ẹ, á rẹ́rìn-ín. Róbótó náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì máa wá nǹkan tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Onígbàjámọ̀ ni. Àga rẹ̀ àti àga tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, jígí gbọọrọ kan sì wà níwájú àwa méjèèjì. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n òun ni àwọn oníbàárà ń wá bá. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ó lè fá irùngbọ̀n arúgbó tí awọ ojú rẹ̀ ti hun jọ, kí arúgbó náà sì sùn lọ fọnfọn lórí àga. Èmi, ẹnu mi kì í dákẹ́. Bí mo bá ti gbé òòyà báyìí, ọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Róbótó kì í sọ̀rọ̀. Jígí ló máa ń wò. Á máa wo ojú ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, kí onítọ̀hún sì tó la ẹnu láti sọ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ga ju tòsì lọ, ó ti tún un ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú ni mò ń kà," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Kò sí ohun tí èèyàn ń rò tí kì í hàn lójú rẹ̀."

Mo gbà á gbọ́. Kí ló fẹ́ mú mi jiyàn? Àwọn oníbàárà ń pọ̀ sí i.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ irun nìkan ló ń kà lójú àwọn èèyàn. Ẹni tó bá fajú ro nínú jígí, Róbótó gbà pé ikùn òun ni onítọ̀hún ń wò. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, òun ló ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ wò ó rárá, kò fẹ́ rí òun ni. Bó ṣe ń kà á láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, bí ẹni tó ń ka ìwé tí ojú ewé kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá. Ó ní tí mo bá fẹ́, kí n sọ ọ́ fáwọn ẹlòmíì, torí ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà níbì kan tó ń gbé irú rẹ̀ kiri.

Ilé bàbá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, òun nìkan sì ni ọmọ. Mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá náà, ọkùnrin gíga kan tí gíríìsì kì í tán ní èékánná rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò pọ̀. Tí oúnjẹ bá jinná, bàbá á bu ti ọmọ, á bu tirẹ̀, á jókòó, á máa wo ọmọ bó ṣe ń jẹun. Kò ní pẹ́ tí á fi dìde. Á gbé àwo tirẹ̀ wọ ilé ìdáná lọ, á sì ti ilẹ̀kùn. Ojoojúmọ́ ni. Ọmọ náà á jókòó nìkan sídìí tábìlì, á máa gbọ́ ìró ṣíbí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Kò bi bàbá rẹ̀ léèrè. Nínú ilé yẹn, wọn kì í bi bàbá pé kí ló ń rò. Ó wá ìdáhùn fúnra rẹ̀, ó sì rí i: bí mo ṣe ń jẹun ló ń rí bàbá mi lára. Ó ti sanra, wọ́n ti ń pè é ní Róbótó níléèwé, kí ni ì bá tún jẹ́? Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi oúnjẹ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí bàbá lè jókòó pẹ́. Bàbá ò jókòó pẹ́. Ọmọ náà wá gbà pé òun ò tíì dín in tó.

Ó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́, ó gbéyàwó. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù wa. Òun ló ń po ìyẹ̀fun. Apá rẹ̀ le bí apá ọkùnrin, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń dé ojú títì kí òun alára tó dé. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí èmi àti ọkọ mi bá jà, ẹ tètè wá gbà á lọ́wọ́ mi o." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á rẹ́rìn-ín. Róbótó á máa gbálẹ̀ tó ti gbá tán.

Ó ń gbẹ sí i. Níbẹ̀rẹ̀, ìyìn ni gbogbo èèyàn ń yìn ín. Àwọn oníbàárà tí ìgbànú wọn ti ń há ń bi í pé kí ló ń lò. Á ní òun kàn ń sáré láàárọ̀ ni. Òótọ́ ni, ó ń sáré, kódà nínú òjò. Tí mo bá pè é wá jẹun lọ́sàn-án, á ní òun ti jẹun kí òun tó kúrò nílé. Tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, á ní òun ti jẹun lọ́dọ̀ mi. Èmi àti obìnrin yẹn, kálukú wa gbà pé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ló ti ń yó.

Nígbà tó yá, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lásìkò tí àwa yòókù ń làágùn. Ó ń wọ aṣọ méjì lábẹ́ ẹ̀wù iṣẹ́. Irun tirẹ̀ ń já, èyí tó bá já á sì bọ́ sáàárín irun oníbàárà nílẹ̀, a sì máa ń gbá gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kì í jókòó mọ́. Tí kò bá sí oníbàárà, á dúró, á máa nu jígí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fá irùngbọ̀n tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti fi ọṣẹ pa á, ó ti fá ẹ̀gbẹ́ kan mọ́, ó wá gbé abẹ lọ sí abẹ́ etí kejì. Ìró abẹ lórí ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí mo máa yíjú, Róbótó ti di ẹ̀yìn àga mú, ó ń yọ̀ lọ sílẹ̀ bí aṣọ tó ń bọ́ lórí ìkọ́. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà ní ọrùn tíṣà àgbà. Bàbá náà fi ọwọ́ dí i, ó ní, "Ẹ fi tèmi sílẹ̀. Ẹ gbé e."

Mo múra láti gbé ọkùnrin kan. Mo di abẹ́ apá rẹ̀ mú, mo fi agbára sí i, díẹ̀ ló kù kí n jù ú sókè. Kò sí nǹkan kan nínú aṣọ yẹn. Egungun ni, àti aṣọ lórí aṣọ. Mi ò tíì gbàgbé bó ṣe rí ní ọwọ́ mi.

Ní ọsibítù, wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò fún ọgbẹ́, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan, àfi pé ọkàn rẹ̀ ń lu jẹ́jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni tó fẹ́ sinmi. Wọ́n bi í pé kí ló ń dùn ún. Ó ní kò sí. Ìyàwó rẹ̀ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó gbé búrẹ́dì tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ sórí itan, kò sì mọ ohun tó máa fi ṣe.

Nígbà tó ṣe, dókítà obìnrin kan tó ń tọ́jú ọ̀ràn ọpọlọ wá bá a. Róbótó kọ̀yìn sí i.

"Orí mi ò dàrú," ó ní.

"Mi ò sọ pé ó dàrú," obìnrin náà dá a lóhùn. Ó fa àga, ó jókòó. Ó ṣàlàyé fún un pé àìsàn ni kí èèyàn máa febi pa ara rẹ̀ kó má baà sanra, pé inú èrò ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ara tó wá san gbèsè rẹ̀.

"Àwọn obìnrin ló ń ṣe irú ìyẹn."

"Àwọn ọkùnrin náà ń ṣe é. Wọ́n kàn máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá bá wa ni. Àwọn mìíràn kì í dé rárá."

Ó bi í pé kí ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀ tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Róbótó ní kò sí nǹkan kan. Kò purọ́. Ó sọ fún mi pé òun wo inú ara òun lọ́jọ́ náà, ó sì dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí iná rẹ̀ ti kú.

"Tí inú bá bí yín ńkọ́," dókítà ní, "báwo ló ṣe máa ń rí?"

Ó rò ó. "Ó máa ń ṣe mí bíi pé mo tóbi."

"Tí ẹ̀rù bá ń bà yín?"

"Mo máa ń tóbi náà ni."

"Tí nǹkan bá dùn yín? Tí ẹnì kan bá kú?"

Òun náà ti gbọ́ ohun tó ń tẹnu òun jáde. Ìbínú, ẹ̀rù, ìtìjú, ọ̀fọ̀, gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní fún un.

Nọ́ọ̀sì tó ń pín oúnjẹ wọlé lákòókò yẹn, ó gbé àwo sílẹ̀ pẹ̀lú ojú tó le koko, ó sì jáde. Dókítà bi Róbótó pé kí ló rò pé obìnrin yẹn ń rò.

"Ó ń rò pé ọ̀jẹun ni mí. Pé ẹ wo eléyìí, ó dùbúlẹ̀ lásán, ó ń jẹ oúnjẹ ìjọba."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ó hàn lójú rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni, dókítà. Mo máa ń ka ojú."

"Ó dáa. Tó bá padà wá, ẹ bi í."

Róbótó sọ fún mi pé kí òun tó béèrè irú ìbéèrè yẹn, ó sàn kí òun bọ́ sí títì níhòòhò. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì wá kó àwo, dókítà ò tíì lọ, ó sì ń wò ó. Róbótó bi í pé kí ló ń rò nígbà tó gbé àwo wá.

"Èmi kẹ̀?" nọ́ọ̀sì ní. "Ẹ dákun, bàtà yìí ni. Àná ni mo rà á, ó ń pa mí lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀. Mo kàn ń rò pé ìgbà wo ni mo máa bọ́ ọ." Ó wo àwo. "Ẹ ò tíì fọwọ́ kan ẹyin yìí o."

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà, Róbótó dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà, ọ̀rọ̀ bàtà ló ń rò. Tó bá jẹ́ bàtà ló wà lójú nọ́ọ̀sì, kí ló wá wà lójú gbogbo àwọn tí òun ti ń kà láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá?

Dókítà sọ fún un lọ́jọ́ kejì pé, "Ẹ lè fura sí ohun tó wà lọ́kàn èèyàn. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n títí tí ẹ fi máa béèrè. Ojú kíkà ló ń gbà yín láyè láti máa dá ara yín lóhùn." Ó ní kò burú láti wo ojú, gbogbo èèyàn ló ń wò ó. Ohun tó burú ni kí ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí èèyàn tó wo ojú ẹnikẹ́ni.

Èmi ló fi kọ́kọ́ dánra wò. Mo lọ kí i, mo jókòó sórí àga onígi wọn, ó wò mí títí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń rò báyìí?"

"Mò ń rò pé àga yìí le," mo ní. "Ìdí ń dùn mí."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì yíjú wò wá. Mi ò mọ̀ pé mo sọ nǹkan tó pani lẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, dókítà pe òun àti ìyàwó rẹ̀ sínú yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ ọsibítù sí. Ó ní kí kálukú sọ ohun tó rò pé ẹnì kejì ń rò nípa òun. Róbótó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ìyàwó òun ń kábàámọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ló fẹ́, pé tó bá gbé oúnjẹ síwájú òun tí ojú rẹ̀ sì fà ro, òun mọ̀ pé bí òun ṣe tóbi ló ń wò.

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè tí kò gbọ́.

"Mo rò pé ẹ ní obìnrin níta ni," ó ní.

Róbótó yíjú sí i.

"Ọkùnrin tí kì í jẹun nílé, ṣebí ibì kan ló ti ń jẹun? Mo ní kí n lọ rí obìnrin náà lójú. Mo dúró dè yín nígbà tí ẹ ṣíwọ́, mo tẹ̀ lé yín. Oúnjẹ tí mo dì fún yín láàárọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó lọ, ẹ jókòó sórí gẹdú kan, ẹ ṣí abọ́ náà. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ pẹ́ níbẹ̀, ẹ kàn ń gbóòórùn rẹ̀ ni. Ẹ wá dà á sílẹ̀ fáwọn ajá." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀. "Mo gbàdúrà níbi tí mo dúró sí, pé kí obìnrin kan ṣáà yọ. Tó bá jẹ́ obìnrin ni, mo mọ bí mo ṣe máa bá a jà. Mo padà sílé, mo sọ fún ara mi pé ọwọ́ mi ló ń rí yín lára, pé oúnjẹ mi ò yẹ ní ẹnu yín, ajá ló yẹ fún. Ohun tó ń fà mí lójú ro nìyẹn. Ẹ wá ní mò ń wo bí ẹ ṣe tóbi."

Ó ń sunkún, ṣùgbọ́n kò sí ariwo kankan níbẹ̀. Róbótó fẹ́ dìde, ó tún jókòó. Ní tirẹ̀, tí ẹnì kan bá ti ń sunkún, òun ló fà á, kí òun kúrò níwájú onítọ̀hún ló sì tọ́. Ó rántí ọ̀rọ̀ bàtà.

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe báyìí?" ó bi í.

"Ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣáà jókòó síbẹ̀."

Ó jókòó. Wọ́n jọ ń wo àwọn aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́ lórí okùn, títí tí dókítà fi ní àkókò ti tó.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ pé kó máa lọ sílé, wọ́n ní kí àwọn ará ilé máa bá a jẹun pa pọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pe bàbá. Bàbá náà dé ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó ti darúgbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀. Ìrẹsì àti ẹyin ni obìnrin náà sè. Bàbá jókòó, ó wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe gbé ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu, ojú rẹ̀ kún fún nǹkan kan. Ó wá dìde, ó gbé àwo rẹ̀, ó dorí kọ ilé ìdáná.

Róbótó ń wò ó bó ṣe ń lọ. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ara rẹ̀ ti ń wú láti inú, ó ti ń tóbi, ó ti ń kún gbogbo yàrá. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé òun rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń pa dé, òun sì rò pé ó ti bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló dé tí ẹ fi ń dìde?"

Bàbá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Dìde báwo?"

"Láti kékeré mi. Tí mo bá ti ń jẹun, ẹ máa ń dìde kúrò níbẹ̀."

Bàbá náà wo àwo ọwọ́ rẹ̀. Ó wá padà, ó gbé àwo sílẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó ki ìka bọ ẹnu. Nígbà tó yíjú padà, gbogbo eyín òkè rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, lára ike pupa kan.

"Ọ̀pá jáàkì ló gbá mi lẹ́nu," ó ní. Láìsí eyín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fẹ́ jáde bí afẹ́fẹ́. "Oyún rẹ ṣì wà nínú ìyá rẹ. Tí mo bá ń jẹun, wọ́n máa ń bọ́ sínú àwo. Mi ò fẹ́ kí o rí i. Ọmọ á máa rí bàbá rẹ̀ báyìí?"

"Kí lẹ wá máa ń jókòó wò kí ẹ tó dìde?"

"Ìwọ ni. Eyín tìrẹ le. O máa ń fọ́ egungun wómúwómú. Inú mi máa ń dùn débi pé ebi tèmi á fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ." Ó ń yí eyín náà ní ọwọ́. "Kí ni ìwọ rò pé mò ń ṣe?"

Róbótó sọ ohun tó ti ń rò fún un. Nígbà tó sọ ọ́ tán, bàbá náà fà sẹ́yìn, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó ní, "Ká ní mo mọ̀," kò sì parí rẹ̀. Ó dá eyín padà sẹ́nu lẹ́yìn náà, ó jẹ ìrẹsì rẹ̀ níwájú wọn. Eyín bọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó mú un, ó dá a padà sẹ́nu, ó ń jẹun lọ.

Ó wù mí kí n sọ pé ara Róbótó yá láti ọjọ́ yẹn. Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kò lè jẹ nǹkan kan. Ó ń jò sí i. Ó lọ bá dókítà, inú ń bí i, ìbínú ló sì pè é lọ́tẹ̀ yìí, kò pè é ní títóbi mọ́.

"Mo ti mọ ohun tí bàbá mi ń rò. Mo ti mọ ti ìyàwó mi. Kí ló dé tí oúnjẹ ò fi ń lọ?"

"Torí pé kì í ṣe ìdáhùn ni àìsàn yìí ń dúró dè," dókítà ní. "Ó ti pẹ́ lára yín. Ó ti di ọ̀nà tí ẹsẹ̀ yín ń gbà lọ fúnra rẹ̀. Oúnjẹ ni oògùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ kàn ń jẹ́ kí ẹ lè gbé oògùn náà mì ni."

Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé lọ́tẹ̀ yìí ó mọ ohun tó ń ṣe é. Nígbà tó padà sílé, ìyàwó rẹ̀ ń bá a jẹun ní gbogbo ìgbà tó yẹ kó jẹun. Omijé Róbótó á máa bọ́ sínú àwo bí ọmọ tí wọ́n ń fún ní oògùn. Lọ́jọ́ kan, ó gbá àwo dànù. Àwo fọ́, oúnjẹ lẹ̀ mọ́ ògiri. Obìnrin náà dúró, ó mí kanlẹ̀.

"Inú ń bí mi," ó ní. "Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bínú sí, àìsàn yìí ni. Mo sọ ọ́ jáde kí ẹ má baà lọ rò ó sí nǹkan mìíràn." Ó bu òmíràn fún un.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn jáde nínú ilé yẹn nìyẹn. Tí ẹ bá lọ kí wọn, ẹ ó rò pé orí wọn ti yí. Obìnrin náà á wọlé, á ní, "Ojú mi pọ́n o, ata ló ta sí i." Róbótó á ní, "Mo dákẹ́ nítorí pé ó rẹ̀ mí." Mo máa ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n mo délé, mo gbìyànjú rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó mi. Ìyàwó mi ní kí n lọ sùn.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tíṣà àgbà ló kọ́kọ́ wá jókòó sórí àga rẹ̀. Mo rí i bí ọwọ́ Róbótó ṣe dúró lókè ọrùn yẹn. "Bàbá, ṣé ẹ̀rù ò bà yín?" ó bi í. "Ó bà mí díẹ̀," tíṣà àgbà ní. "Máa fá a lọ." Ó fá a.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni apá kan ara bàbá rẹ̀ rọ, ọ̀rọ̀ sì lọ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbé e wá sílé Róbótó. Róbótó ló ń bọ́ ọ. Oúnjẹ rírọ̀ ni, ó sì ní láti tọ́ ọ wò kó tó fi sí bàbá lẹ́nu, kó má baà gbóná jù. Ojú ẹ̀gbẹ́ kan bàbá ti dákẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá á fajú ro, Róbótó á rò pé kò fẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kò ní gbé àwo kúrò. Á di ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ mú, á béèrè. "Ṣé ó ti tó?" Ọwọ́ á dákẹ́. "Ṣé iyọ̀ ni?" Ọwọ́ á dákẹ́. "Ṣé fèrèsé ni kí n tì?" Bàbá á fún ọwọ́ rẹ̀. Fèrèsé ni. Ó máa ń ṣì í lọ́pọ̀ ìgbà, á tún béèrè. Bó ṣe ń tọ́ oúnjẹ náà wò ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, ìyàwó rẹ̀ ṣàkíyèsí pé Róbótó fúnra rẹ̀ ti ń jẹun. Kò sọ ọ́ jáde o. Ìyẹn nìkan ló fi pamọ́.

Bàbá náà kú ní òwúrọ̀ Sátidé kan, lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ tán. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ ohun tí ọ̀fọ̀ máa ń dà lára ọkùnrin yẹn. Kò tíì bọ́ lọ́wọ́ dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì bọ́ títí di òní tí mò ń sọ yìí; àwọn ọjọ́ kan wà tí ṣíbí ṣì máa ń wúwo ní ọwọ́ rẹ̀.

Ó dé ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ó jókòó sórí àga tirẹ̀, àga oníbàárà. Kò wo jígí. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rò pé mo ti mọ ohun tó wà níbẹ̀.

"Oúnjẹ ò lọ, àbí?" mo bi í jẹ́jẹ́.

Ó gbé orí sókè. Ó ronú díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ohun kan nínú àpò aṣọ.

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Inú mi bàjẹ́ ni," ó ní. "Ebi sì ń pa mí. Méjèèjì ni."

Mo bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, a sì jọ lọ wá ohun tí a máa jẹ.